Ariwo Tí O Kò Pa Mọ́ Síkíẹ́lì

Ballymun, Dublin,
Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Àjàní ọmọ mi,

Èmi ni mo dí ọ lẹ́nu. Ìwọ kì í ṣe ojo, o kò lọ́ra, ọkàn rẹ kò sì kúrò nínú eré básíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Èmi bàbá rẹ ni. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri bí ẹni tó kó ẹyin sápò ṣòkòtò, tí kò lè jókòó, tí kò sì lè sáré. Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Jẹ́ kí n wá kí ọ bó ṣe yẹ.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Màmá rẹ ní kí n béèrè bóyá o ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta ata rodo ní ìlú yẹn, àti pé ẹran màlúù tí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ṣé àwọn tó pa á ṣe bísímílláhì sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ ohun tó ń dùn mí. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé ẹran.

Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà máa ń fún ọ ní wàhálà. Bí a bá sọ ọ́, o gbọ́. Bí o bá fẹ́ dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ àdúgbò yìí ló ń jáde. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tèmi, Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ ni. Mo lè fi júwe ọ̀nà fún àlejò ní géètì Grange Castle tí mo ń ṣọ́, mi ò lè fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi. Nítorí náà, jọ̀ọ́, kà á sókè. Má fi ojú lásán kà á. Jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ kí o kà á kí ẹni tó wà ní yàrá kejì máa gbọ́ ọ. Tí o bá máa fi ka ìdajì, wàá rí ìdí tí mo fi ní bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Síkíẹ́lì pè mí. Ìwọ ń pè é ní kóòṣì báyìí ní Ajẹntínà. Lọ́dọ̀ wa níbí, Síkíẹ́lì tó gbé yàrá kékeré òkè fún sáà méjì ló ṣì jẹ́. Ó ní, "Lasísì." O mọ̀ pé bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, láìfi nǹkan kan síwájú orúkọ, èmi tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. "Lasísì, ọmọ rẹ yára. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ojú rẹ̀ ń rí ibi tí ojú ẹlòmíì kò dé. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Àwọn méjì ló ń du ipò ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù, ọ̀kan ṣoṣo la sì fẹ́. Lẹ́yìn eré ọjọ́ Sọ́ńdè, ìgbìmọ̀ kilọ́ọ̀bù á mú ẹni kan, ẹnì kejì á wọ bàlúù. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" Ó tún ní, "O ṣáà ti sọ fún un? O ní o ti sọ fún un."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, mi ò gbọ́ ọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dìde tí mo ń jókòó. Màmá rẹ ní bí mi ò bá lè jókòó sójú kan, kí n lọ fọ àwo. Mo fọ àwo. Lónìí mo mú bíírò àti ìwé jáde. Sẹ́kọ́ndìrì ni mo kà mọ, mi ò sì mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn nìyí. Bí ó bá rú ọ lójú níbì kan, fojú fò ó.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Síkíẹ́lì dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́ nígbà náà. Èmi ni mo ń tọ́jú gbọ̀ngàn eré tó wà lẹ́yìn ilé wa: mo ń ṣílẹ̀kùn, mo ń gbálẹ̀, mo ń fi mọ́ọ̀pù nu òógùn àwọn agbábọ́ọ̀lù kúrò lórí pákó. Kilọ́ọ̀bù básíkẹ́ẹ̀tì tó ń lo ibẹ̀ mú ará Ajẹntínà kan wá, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì, wọ́n sì ń wá ẹni tó ní yàrá. Mo rò pé ẹni tó ti gba bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè márùn-ún á ga bí òpó iná. Nígbà tó wọlé, ó fi díẹ̀ ga jù mí lọ. Màmá rẹ wò ó títí, ó ní, "Ṣé kò sí èyí tó tóbi jùyẹn ni?"

Ìmọ̀ràn kìíní wá láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. O rántí igbá kékeré tó gbé wá, igbá gidi bí igbá tiwa, tó ń rọ ewé máté sí, tó ń bu omi gbígbóná lé, tó ń gbé e yí ká kí oníkálùkù fi ìfámu irin fà á. Ó gbé e fún mi. Mo mu ún, ó korò bí ewúro, mo sì ṣe bí ọmọlúàbí, mo ní mo dúpẹ́ o. Nígbà tí igbá tún yí padà, ó fò mí. Ọjọ́ kejì, mo dúpẹ́, ó fò mí. Ọjọ́ kẹta, mo dúpẹ́ títí mo fi tẹ̀ríba, ó tún fò mí. Mo sọ fún màmá rẹ ní kíṣìnì pé ọkùnrin yìí ń fojú di mí nínú ilé mi. Màmá rẹ kò bá mi sọ ọ́. Ó lọ bi í pé, "Kí ni ọkọ mi ṣe fún ọ?" Síkíẹ́lì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá ti yó ló ń dúpẹ́. "Gbogbo ìgbà ló ń dúpẹ́. Mo rò pé kò fẹ́ mọ́ ni, mi ò fẹ́ fipá fún un."

O rí i? Ohun rere tí wọ́n kọ́ ọ nílé lè sọ nǹkan míì níta. Bí o bá rí i pé wọ́n ń fò ọ́, béèrè. Màmá rẹ béèrè, ìṣẹ́jú kan ló gbà. Èmi bínú, ó gba ọjọ́ mẹ́ta.

Ìkejì nìyí. Lọ́jọ́ tí Síkíẹ́lì kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn, kò lọ bá kóòṣì. Èmi tí mo gbé mọ́ọ̀pù dání ló wá bá. Ó ní, "Níbo ni pákó yìí ti kú?" Mo wò ó. Mo mú un lọ sápá òsì, lábẹ́ àwọ̀n tó wà lọ́dọ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí omi òjò ti wọlé rí. Bí bọ́ọ̀lù bá kan ibẹ̀, kì í fò dáadáa. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó dì mọ́ mi bí ẹni pé mo fún un ní ìyàwó. Gbogbo sáà yẹn, ibẹ̀ ló ń ti àwọn alátakò lọ. Bọ́ọ̀lù á kú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa wo ọwọ́ ara wọn. Nítorí náà, ní ìlú tí o wà yìí, wá ẹni tó ń gbá gbọ̀ngàn rí. Kí i, bi í léèrè. Kò sí ọ̀gá kan tó mọ ilẹ̀ bí ẹni tó ń nù ún.

Ìkẹta ni mo ń sá fún.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Síkíẹ́lì, o kò ga, o kò yára mọ́. Kí ni àwọn ará Ítálì, Faransé, Tọ́kì àti Mẹ́síkò ń rà lọ́wọ́ rẹ?" Ó fi ìka kan ẹnu ara rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti dé orílẹ̀-èdè kan, kí òun tó bi wọ́n ibi tí ilé ìgbẹ́ wà, ọ̀rọ̀ márùn-ún lòun ń kọ́ lédè wọn: òsì, ọ̀tún, ẹ̀yìn, tèmi, tìẹ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wà ní Ítálì, tó ń fi ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn lé balógun ẹgbẹ́ kiri, ọkùnrin tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó já òun lẹ́nu ọmú. Nígbà tí eré parí, balógun náà ra oúnjẹ fún un. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ló wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Aṣọ náà ló wà nínú ọ̀rá nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, tó fi hàn ọ́ lọ́jọ́ Iléyá. Ohun tí kò sọ fún ọ ni pé orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí. Àmọ́ láti orí bẹ́ńṣì ló ti ń pariwo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn àgbà inú ẹgbẹ́, débi tí wọ́n fi ní kó máa jókòó nítòsí. Ó ní, "Lasísì, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo gbá fún Ajẹntínà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdíje yẹn ni mo fi sọ̀rọ̀."

Mo gbọ́ èyí pẹ̀lú etí mi méjèèjì, Àjàní. Síbẹ̀, wo ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí wọ́n mú ọ sínú ẹgbẹ́ àgbà, tí ìwọ àti òun jọ ń gbá a, ó gba ọ̀rọ̀ márùn-ún náà lédè Yorùbá lọ́wọ́ rẹ, kí àwọn alátakò má bàa gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sídeè kan, ẹ ti àga pálọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kẹ̀yìn sí ọ, ó dijú, ìwọ ń ti àga bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, o sì ń pariwo: "Síkíẹ́lì! Òsì! Òsì ni mo ní, ṣé o ò gbọ́ ni?" Òun ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tún pariwo mọ́ mi, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mí." Alàájì Búsàrí tó wá kí wa láti mọ́ṣáláṣí gbé ife tíì sílẹ̀.

Ó ní, "Lasísì, ṣé ẹgbẹ́ ọmọ rẹ ni ọkùnrin yìí?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ó ní, "Mo kàn béèrè ni o. Ayé Dublin, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo pè ọ́ sí kíṣìnì. Mo ní, "Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ lórí ọkùnrin yẹn mọ́, nílé tàbí níta." O ní, "Dad, eré ni." Mo ní, "Ṣé eré ló bí ọ?" O ní, "Grand," ìyẹn ni pé ó dáa. Bí ọmọ Dublin bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú irú ojú bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tó dáa níbẹ̀. Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí Alàájì gbọ́ pé mo bá ọmọ mi wí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìdajì ìkejì eré. O mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i láti ìdí ògiri, pẹ̀lú mọ́ọ̀pù lọ́wọ́. Síkíẹ́lì ń ṣọ́ ẹni tó ní bọ́ọ̀lù, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Ọkùnrin gìrìwò kan lára àwọn alátakò lọ dúró bí ògiri sẹ́yìn rẹ̀, bí òfin eré ṣe gbà á láyè. Ìwọ ló kọjú sí i. Iṣẹ́ rẹ ni kí o pariwo. Mo rí i tí ẹnu rẹ là, tí kò sí nǹkan tó jáde. Dípò ariwo, o sáré, o na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ rọra fọwọ́ kan àgbà léjìká kó tó sọ̀rọ̀. Èmi náà rí ọkùnrin yẹn. Ẹnu tèmi náà kò là. Síkíẹ́lì fi èjìká kọlu ọkùnrin náà, egungun rẹ̀ dún gbọ̀ngàn já, kóòṣì ẹgbẹ́ yín sì yíjú sí ọ pé, "Ṣé o kò ní ahọ́n lẹ́nu ni?" Gbogbo èèyàn wò ọ́. Mo wolẹ̀, mo ń nu ibi tí kò tutù.

Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí egungun fi ń dùn ún, ó ń bẹ̀ mí kí n má pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Egungun yìí ti sán láti Tọ́kì. Sáà yìí náà ni mo fẹ́ fi parí. Ti ọmọ yẹn ni ká sọ. Ó rò pé òun ló ṣe é. Sọ fún un lónìí, Lasísì. Ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù tí kì í sọ̀rọ̀, àga ni." Mo ní màá sọ ọ́ lónìí.

Mo délé, mo bá ọ lórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ wú. Mo la ẹnu. Mo ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo fi iṣẹ́ gbọ̀ngàn sílẹ̀. Mo sọ fún gbogbo yín pé iṣẹ́ géètì ló sàn jù. Irọ́ ni. Mi ò lè máa nu ojú pákó yẹn mọ́ ni.

Síkíẹ́lì padà sílé, ó di kóòṣì. Gbogbo ìgbà tó bá pè, á bi mí, "Ṣé o ti sọ fún un?" Mo ní ó kù díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìtìjú ìbéèrè náà pọ̀, mo ní mo ti sọ ọ́. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nígbà náà ẹnu ọmọ yẹn á ti là, kó máa bọ̀. Bó ṣe ránṣẹ́ pè ọ́ nìyẹn. Orí irọ́ mi lo gùn dé Ajẹntínà.

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ndìrì ní Ìṣẹ́yìn, mo lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé okùn tí ọ̀gá ta fi wọn ògiri ti yẹ̀. Mo ní, ta ni èmi, ṣé èmi ni màá sọ fún àgbà pé okùn rẹ̀ wọ́? Mo ń kó búlọ́ọ̀kù fún un, mo ń wò ó. Nígbà tí ògiri dé èjìká, gbogbo àdúgbò ló rí i. Wọ́n wó o. Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Lasísì, ṣé ojú rẹ fọ́ ni?" Mo ní rárá, sà, mo rí i. Ó ní, "O rí i?" Kò lù mí. Ó kàn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó fọwọ́ lérán. Mi ò tíì rí ìyà tó jù ú lọ. Ìyà yẹn jẹ mí, mo tún gbé e kọ́ ọmọ mi.

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò lè rí i. Òótọ́ ni. Àmọ́ àgbà kò ní ojú nípàkọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn àgbà, ẹni tó kọjú sí i ló ń rí i. Bí ó bá dákẹ́, kò bọ̀wọ̀ fún un. Ó jẹ́ kó forí sọ ògiri ni.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí bàbá rẹ sọ, kí èyí pa ti kíṣìnì rẹ́. Pariwo mọ́ wọn. Ẹni tó bá jù ọ́ lọ, ẹni tó bá ní ọmọ bíi tìẹ nílé, balógun ẹgbẹ́, pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba kí o sọ òsì tàbí ọ̀tún fún un. Láàárín fèrè àti fèrè, ariwo ni ìwà ọmọlúàbí. Bí fèrè ìkẹyìn bá dún, kí o lọ bá àgbà, kí o tẹ̀ríba, kí o gbé igbá máté rẹ̀ fún un, ìyẹn náà dáa. Má dúpẹ́ kí o tó yó ṣá. Bí Alàájì Búsàrí bá sì gbọ́ ọ láti ibi tó wà, kó wá bá mi. Èmi ni màá dá a lóhùn, mo ti ní ìdáhùn báyìí.

Ìmọ̀ràn míì ṣì wà, mi ò rántí iye tí mo kà á dé. Má fi ojoojúmọ́ pààrọ̀ iṣẹ́ bíi tèmi, tí mo wa takisí, tí mo ṣe búrẹ́dì, tí mo nu pákó, tí mo wá ń ṣọ́ géètì ilé àwọn kọ̀ǹpútà tí mi ò rí ojú wọn rí. Síkíẹ́lì rìn jù mí lọ, àmọ́ ohun kan náà ló ń gbé lọ sí gbogbo ibẹ̀. Èmi ń sá fún nǹkan ni. Lílọ yàtọ̀ sí sísá, ọmọ mi. Máa sùn dáadáa. Máa fi fóònù hàn màmá rẹ kó rí ojú rẹ, kì í ṣe òrùlé. Bí ìgbìmọ̀ bá sì mú ẹnì kejì, máa bọ̀ wá sílé. Yàrá kékeré òkè ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì ní bi ọ́ bóyá o ti jẹun kí n tó bi ọ́ bó ṣe ń ṣe ọ́.

Dárí jì mí. Kà á sókè, èyí náà: bàbá mi ló ṣẹ̀, èmi kọ́.

Màá ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan báyìí, kí o rí i gbà lónìí. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́dọ̀ yín, màá kọ́kọ́ pe Síkíẹ́lì, màá sọ fún un pé irọ́ ni mo pa fún un, pé àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ. Mo ti bá ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ pààrọ̀ ṣífútì. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán tiwa, tí eré yín bá bẹ̀rẹ̀, èmi àti màmá rẹ á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, màá gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin. Àwòrán rẹ̀ kì í mọ́ dáadáa, ojú mi náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Kò burú. Mi ò ní jókòó wòran. Màá jókòó gbọ́ ọ ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lasísì.

Màmá rẹ ní o kò tíì dáhùn nípa ẹran.